Ohun Tó Wà Lórí Àpáta

"Tún un wò," ni Ìyá Dulam wí. "Kì í ṣe òkúta nìkan ló wà níbẹ̀."

Solongo mí kanlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ti wo fọ́tò náà láàárọ̀ yìí. Ó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ ka orí àpótí pupa tó wà lẹ́yìn ààrò, ó sì ká ẹsẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ nínú àgọ́. Tíì oníwàrà oníyọ̀ ń hó lórí iná, òórùn igbẹ́ màlúù tí wọ́n fi ń dáná sì gba gbogbo ibẹ̀.

"Mọ́mì, òkúta ni. Òkúta eléérú, yìnyín díẹ̀ wà lórí ẹ̀. Igi yín ló wà nísàlẹ̀, aṣọ búlúù tí ẹ so mọ́ ọn ṣì wà níbẹ̀. Kò sí nǹkan míì."

"Kannakánná mélòó ló wà lórí igi?"

"Kò sí ìkankan."

"Lánàá ńkọ́?"

Solongo ṣí fọ́tò àná, ó kà wọ́n. "Mẹ́fà."

"Níjẹta?"

"Mẹ́jọ."

"Hẹ̀n-ẹ́n." Ìyá Dulam fọwọ́ nu imú. "Ẹyẹ tó ti ń gbé orí igi yẹn láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ, wọn ò lè ṣàdédé kó ẹrù wọn báyẹn. Àlejò ti dé ládùúgbò. Tún un wò, ọmọ mi. Ojú ìkánjú lo fi ń wò ó."

Udgan ni Ìyá Dulam, ìyẹn obìnrin tó ń bá àwọn ẹ̀mí òkè àti odò sọ̀rọ̀. Ní gbogbo àfonífojì àwọn ẹ̀yà Darkhad, òun ni wọ́n ń gbé ọmọ tí kò sùn wá bá, òun ni ẹni tí ẹṣin rẹ̀ sọnù ń wá. Yóò wọ aṣọ rẹ̀ onírìísí ìyẹ́, yóò lu ìlù rẹ̀, yóò lọ síbi tí ẹlòmíì ò lè lọ, yóò sì mú ọ̀rọ̀ bọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọdún méjì ni nǹkan funfun ti ń bo ẹyinjú rẹ̀. Dókítà kan nílùú Mörön ti fún un ní ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, ó di ìgbà tí koríko bá tún hù. Kí ó tó dìgbà náà, òjìji lásán ló ń rí.

Ìdí nìyẹn tó fi ránṣẹ́ sí Solongo. Iṣẹ́ tó rán kò gùn rárá: "Wá yá mi lójú."

Ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì ni Solongo, fọ́tò ìyàwó ló sì ń yà ní Mörön, òun àti ẹnìkejì rẹ̀ nídìí iṣẹ́, tó ń jẹ́ Tuya. Ó rò pé ọjọ́ mẹ́ta lòun máa lò. Ọjọ́ kejìlá rèé. Ní gbogbo òwúrọ̀, á gbé kámẹ́rà ka orí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó tí wọ́n ń so ẹṣin mọ́, níbì kan náà gan-an, á kọjú rẹ̀ sí òkè tó wà lódì kejì odò. Ìyá Dulam á fi ṣíbí onígi da wàrà sókè lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, á kí òkè náà. Wọn kì í dárúkọ òkè yẹn, Olóore ni wọ́n ń pè é. Á sọ ẹni tó jẹ́, ọmọ ẹni tó jẹ́, àti ohun tó bá wá. Ìgbà tó bá ṣe tán ni yóò sọ fún Solongo pé, "Ó yá."

Lọ́jọ́ kìíní, ńṣe ni inú bí Solongo. Oòrùn ń yọ, àwọ̀ tó dáa jù lọ ń kọjá lọ lójú rẹ̀, ìyá àgbà ń ka ìdílé fún òkúta! Ó fi gbogbo ọjọ́ yẹn kùn. Àmọ́ nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, ó ṣàkíyèsí nǹkan kan. Nítorí pé wọn ò jẹ́ kó tẹ kámẹ́rà, ó ti ń wo nǹkan. Ó ti mọ ibi tí òjìji àpáta máa ń dé kí ẹsẹ̀ oòrùn tó kan igi. Ó ti mọ ọ̀nà tí àwọn ewúrẹ́ òkè máa ń gbà lọ lá iyọ̀. Ọdún mélòó ló ti ń ya fọ́tò tí kì í fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tó yà títí yóò fi délé? Ó ti bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yẹn, kò sì fẹ́ràn ìdáhùn tó rí.

Ó fa fọ́tò náà tóbi sí i. Àpáta kún ojú kọ̀ǹpútà. Ó rọra ń sún un láti òsì lọ sí ọ̀tún, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Yìnyín. Òjìji. Ewé wúrà tó já bọ́ lára igi. Okùn kan tó nípọn, tó rọ̀ sísàlẹ̀ lẹ́bàá àpáta.

Okùn?

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Okùn náà ní irun lára. Ó ní òrùka dúdú dúdú lára, láti òkè délẹ̀.

"Mọ́mì," ó ní. Ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Kí lo rí?"

"Ìrù ni."

Lẹ́yìn tó ti rí ìrù, ìyókù jáde bí ìgbà tí èèyàn bá ṣí aṣọ lójú fèrèsé. Ẹ̀yìn rèé. Èjìká rèé. Orí ńlá kan rèé tó gbé lé ọwọ́ méjèèjì, ojú méjì aláwọ̀ eérú sì ń wo kámẹ́rà tààràtà láti òdì kejì odò. Solongo ké, ó fò dìde, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ da ìkòkò tíì sínú iná.

"Ẹkùn yìnyín ni! Mọ́mì, ẹkùn yìnyín ni! Ó ń wò mí! Gbogbo ìgbà tí ẹ ń da wàrà, ó ń wò wá!"

Ìyá Dulam bú sẹ́rìn-ín, ó ń fi ọwọ́ gbá itan. "Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n! Bàbá rẹ wà láyé nígbà tí mo gbúròó ọ̀kan gbẹ̀yìn. Wọ́n ní wọ́n ti tán. Ó dá wà?"

Solongo tún jókòó. Ó sún fọ́tò náà lọ sísàlẹ̀ díẹ̀. Lábẹ́ ikùn ẹkùn náà, níbi tó rò pé òkúta kéékèèké wà, etí mẹ́rin ló rí.

"Ó bí," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Méjì. Ọmọ méjì ló wà lábẹ́ ẹ̀."

Ìyá àgbà sún mọ́ ọn. Ó na ọwọ́, ó wá ojú kọ̀ǹpútà náà kàn, ó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e bí ẹni ń wo orí ọmọ tó ní ibà.

Ariwo alùpùpù ló dá ayọ̀ wọn dúró. Gombo ni, aládùúgbò wọn, tó ń da ewúrẹ́ lápá ìsàlẹ̀ odò. Ọkùnrin gbọọrọ tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni, kì í dákẹ́, kì í sì í dúró kí wọ́n sọ pé kó wọlé. Kí ó tó gbé orí gba ẹnu ọ̀nà, Solongo ti pa kọ̀ǹpútà dé.

"Ìyá Udgan, ẹ kú àárọ̀! Ẹran yín sanra bí?"

"Wọ́n sanra. Tìrẹ ńkọ́?"

"Tèmi ti di mẹ́rin tó kú láàárín ọ̀sẹ̀ kan." Ó gba abọ́ tíì lọ́wọ́ Solongo pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. "Oníkámẹ́rà, o ṣì wà níbí? Mo rò pé òtútù ti lé ẹ padà sáàárín ìlú. Ìkookò ni, Ìyá Udgan. Wọ́n fo ọgbà wọlé, wọ́n pa mẹ́rin, ẹyọ kan ni wọ́n gbé lọ. Àmọ́ mo ti ṣe tiwọn. Mo yá tàkúté onírin méje lọ́wọ́ àna mi ní Ulaan-Uul. Àná ni mo dẹ ẹ́ sójú ọ̀nà tó gba abẹ́ igi yín lọ. Ẹ má bínú o, mo mọ̀ pé igi mímọ́ ni, mi ò dé ìdí rẹ̀. Mo ń lọ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́la."

Tíì gbóná nínú abọ́ Solongo, ṣùgbọ́n òtútù mú un láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ọ̀nà abẹ́ igi. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ẹranko lè gbà kúrò lórí àpáta yẹn wá sódò.

Ó dúró kí Ìyá Dulam sọ̀rọ̀. Ìyá Dulam ń mu tíì tirẹ̀. Gombo sọ̀rọ̀ nípa koríko, nípa ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà nílé ìwé gíga, nípa alùpùpù rẹ̀ tí epo ń jò lára rẹ̀. Ó dìde, ó dágbére, ó sì jáde lọ síbi tó gbé alùpùpù sí.

"Ẹ ò sọ fún un!" ni Solongo wí.

"Ìwọ náà ò sọ."

"Ẹ̀yin ni àgbà. Ẹ̀yin ni wọ́n ń gbọ́ràn sí lẹ́nu."

"Ìwọ lo ya fọ́tò. Kí ló dé tó o fi pa á dé?"

Solongo wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ọdún kẹrin rèé tí kò tíì sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹnikẹ́ni, kódà kò sọ fún Tuya. "Mo ya àṣá kan nígbà kan," ó ní. "Lórí ìtẹ́, pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. Fọ́tò tó dáa jù tí mo yà láyé mi ni. Mo gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, gbogbo ayé ń kí mi, wọ́n fún mi lẹ́bùn ní Ulaanbaatar, olú ìlú wa. Òkè kan báyìí yọ lẹ́yìn fọ́tò náà, ẹni tó bá mọ agbègbè yẹn á mọ̀ ọ́n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà mo padà lọ síbẹ̀. Okùn ni mo bá lára àpáta. Wọ́n ti kó ọmọ, wọ́n ti kó ìyá, wọ́n ti tà wọ́n sókè òkun. Èmi ni mo júwe ọ̀nà fún wọn, Mọ́mì. Láti ọjọ́ yẹn, ìyàwó nìkan ni mò ń yà. Ẹnikẹ́ni kì í jí ìyàwó gbé."

"Wọ́n máa ń jí wọn gbé láyé tiwa," ni Ìyá Dulam wí, ẹ̀rín sì fẹ́ já bọ́ lẹ́nu Solongo pẹ̀lú omijé. Lẹ́yìn náà ni ìyá àgbà fi ọwọ́ wá orúnkún rẹ̀ kàn. "Fetí sílẹ̀. Nígbà tí mo bá lọ síbi tí mò ń lọ, tí mo rí nǹkan, iṣẹ́ tó le jù kì í ṣe rírí. Ẹni tí mo máa sọ ọ́ fún ló le. Mo ti sọ fún ẹni tí kò yẹ rí, ó sì ba nǹkan jẹ́. Ṣùgbọ́n mo tún ń lọ, mo tún ń sọ. Gbogbo ayé lo sọ fún lọ́jọ́ náà. Gombo kì í ṣe gbogbo ayé. Èèyàn kan ni, ojú rẹ ló sì ti ń mu tíì. Ṣé o lè sọ fún un àbí o kò lè sọ fún un? Ìwọ lo rí i. Mi ò ní bá ẹ pinnu rẹ̀."

Níta, Gombo ń gbá ẹsẹ̀ mọ́ alùpùpù rẹ̀. Ẹ̀rọ náà kọ̀, kò dáhùn. Ó tún gbá a, ó dáhùn.

Solongo gbé kọ̀ǹpútà, ó sáré jáde láìwọ bàtà.

"Ẹ̀gbọ́n Gombo! Ẹ dúró! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa iná ẹ̀!"

"Kí ló ṣẹlẹ̀? Ìyá àgbà ńkọ́?"

"Ẹ wo nǹkan kan." Ó ṣí kọ̀ǹpútà sórí àga alùpùpù, ó sì fi ara rẹ̀ ṣíji bò ó nítorí oòrùn. "Kì í ṣe ìkookò ló wọ ọgbà yín."

Gombo tẹ̀ sílẹ̀. Ó wò ó, ó di ojú kan, ó tún wò ó. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí Solongo ti mọ̀ ọ́n, ọkùnrin náà kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ó ṣí fìlà rẹ̀. Solongo ń wo ojú rẹ̀, ó ń wá ìwọra níbẹ̀, ó ń wá ojú ẹni tó ń ṣírò iye tí awọ máa pa.

"Ṣé ọmọ nìyẹn?" ni Gombo béèrè níkẹyìn, ó fi ìka kékeré tọ́ka. "Méjì? Wò bí wọ́n ṣe yó! Wò ó bí ikùn wọn ṣe rí rogodo! Ewúrẹ́ mi ló wà níbẹ̀ yẹn o!" Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín ọmọdé, títí ó fi ń di àga alùpùpù mú. "Bàbá mi kú láìfi ojú kan èyí rí. Àádọ́ta ọdún ló fi da ẹran nísàlẹ̀ òkè yìí, kò rí i rí..."

Ẹ̀rín náà já lẹ́nu rẹ̀ bí okùn tí wọ́n gé. Ó wo òkè.

"Tàkúté," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Oníkámẹ́rà, lọ wọ bàtà. Yára!"

Alùpùpù gbé wọn la odò tó ti ń dì kọjá, omi tútù ń ta sí wọn lójú, Solongo di kámẹ́rà mọ́ àyà, Gombo ń pariwo sí ẹ̀rọ náà bí ẹni ń lé ẹṣin. Wọ́n gbé e sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ òkè, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ gun ìyókù. Tàkúté kìíní rèé. Gombo fi ọ̀pá tẹ àárín rẹ̀, eyín irin pàdé gbàù! Èkejì, gbàù! Solongo ń fo sókè ní gbogbo ìgbà tó bá dún. Ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin. Ìkarùn-ún wà lábẹ́ gbòǹgbò, ìkẹfà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta méjì. Gombo gbé wọn kọ́ èjìká, wọ́n ń ró woroworo.

Ibi tí ìkeje wà ni kò rí.

"Ibí ni," ó ní. "Àbí ọ̀hún? Òjò yìnyín ti ń bọ̀ nígbà tí mo dẹ ẹ́, mò ń kánjú. Gbogbo ibẹ̀ ti funfun báyìí. Má gbé ẹsẹ̀, Solongo! Dúró síbi tó o wà. Ó lè ṣẹ́ ẹsẹ̀ ẹṣin."

Wọ́n dúró sójú kan. Àpáta wà lókè orí wọn, kò jìnnà. Kò sí ohun tó ń dún àyàfi aṣọ búlúù tó ń fẹ́ lára igi.

"Kí lẹ so ó mọ́?" ni Solongo béèrè.

"Ìtì igi kan ni. Mo wọ́ ọ láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kí ẹran má baà lè gbé e sá lọ."

Solongo tan kámẹ́rà. Òwúrọ̀ méjìlá ló wà nínú rẹ̀, láti ibì kan náà, wọn ò fi ìka kan yẹ̀ sí ara wọn. Ó ṣí ti àná, ó fà á tóbi. Ó ṣí ti òní. Ti àná. Ti òní. Igi, igi. Òkúta, òkúta. Ó ń mí láti ẹnu. Má fi ojú ìkánjú wò ó. Ti àná: ìtì igi kan nà gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta tó rí bíi gàárì ẹṣin. Ti òní: òkúta wà, ìtì igi kò sí. Ó wá a lọ sókè, ó wá a wá sísàlẹ̀. Òkìtì yìnyín gígùn kan rèé, lágbègbè tó tẹ́ pẹrẹsẹ lánàá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo òkúta tó rí bíi gàárì. Ẹ rìn ín ní ẹsẹ̀ mẹ́wàá sọ́wọ́ òsì. Rárá, òsì mi. Ẹ fi ọ̀pá ṣáájú!"

Gombo ń fi ọ̀pá gún ilẹ̀ bí afọ́jú. Mẹ́jọ. Mẹ́sàn-án. Yìnyín fò sókè, irin sì ṣẹ́ ọ̀pá náà sí méjì, gbàùùù, gbogbo àfonífojì gbà á lẹ́nu rẹ̀.

"Méje!" ni Gombo ké. "Méje, ìwọ ọmọ yìí! Ojú rẹ ti ju ti..."

Òkúta kékeré kan já bọ́ láti òkè, ó yí gbirigbiri kọjá láàárín wọn. Àwọn méjèèjì gbójú sókè.

Ó dúró lókè ọ̀nà, kò tó ọgbọ̀n ẹsẹ̀ sí wọn. Ó tóbi ju bó ṣe rí nínú fọ́tò lọ, ó sì rọ̀, gbogbo ara rẹ̀ ní àwọ̀ èéfín, àmì dúdú ń rìn lára rẹ̀ bó ti ń mí. Àwọn ọmọ yọjú lẹ́yìn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ní yìnyín nímú.

Gombo kò mira. Ọwọ́ Solongo ti gbé kámẹ́rà dé àgbọ̀n kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Ìka rẹ̀ ti wà lórí bọ́tìnì. Ó sì dúró.

"Solongo ni mí," ó sọ, ohùn rẹ̀ kò ju èémí lọ. "Ọmọ Baldan, tí Dulam jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo bá ojú wá ni, mi ò bá nǹkan míì wá. Ẹ jẹ́ kí n wò yín."

Ẹkùn náà wò ó. Kò bínú, kò bẹ̀rù. Ó wò ó pẹ́, bí ẹni ń wo ẹni tó rántí ojú rẹ̀ tí kò rántí orúkọ. Ayọ̀ Solongo pọ̀ débi pé ó ń dùn ún láyà. Ẹkùn náà jókòó. Ó jókòó gẹ́gẹ́ bí ológbò, ó sì ká ìrù rẹ̀ bo ẹsẹ̀.

"Ó yá," ni Gombo sọ lábẹ́ èémí.

Solongo tẹ̀ ẹ́. Ẹyọ kan.

Nígbà tí ẹkùn dìde, kò sáré. Ó gun òkè lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, àwọn ọmọ tẹ̀ lé e, ẹni tó ní yìnyín nímú yọ̀, ó fi ìdí jókòó, ó wo àwọn èèyàn méjì náà bíi pé àwọn ló tì í, ó sì sáré tẹ̀ lé ìyá rẹ̀. Gombo bú sẹ́kún àti ẹ̀rín pa pọ̀, ó gbá Solongo mọ́ra, tàkúté méje ló sì gbá a lẹ́yìn.

Ìyá Dulam dúró lẹ́nu àgọ́ nígbà tí wọ́n dé, ṣíbí onígi wà lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo iwájú aṣọ rẹ̀ tutù fún wàrà. "Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀meje," ó ní. "Ìkeje pẹ́. Ẹ jókòó, ẹ sọ fún mi."

Àwọn méjèèjì ń sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Gombo dìde, ó fi bí ẹkùn ṣe jókòó hàn, ó ká ìrù tí kò ní. Solongo ń tún un ṣe: rárá, orí rẹ̀ tẹ̀ sí òsì, etí rẹ̀ kan ya ní ìkángun, ọmọ àbíkẹ́yìn ló ní yìnyín nímú. Ìyá àgbà ń bi wọ́n léèrè bí ẹni ebi ń pa. Àwọ̀ ojú ńkọ́? Ó mí kíákíá àbí ó mí pẹ̀lẹ́? Tíì tutù, wọ́n tún gbé e gbóná, ó tún tutù.

"Ewúrẹ́ mi ńkọ́ báyìí?" ni Gombo wí nígbà tó rí àyè jókòó. "Ṣé mo fẹ́ máa bọ́ ìdílé ńlá yẹn títí ni?"

"Ọgbà yín kò ní òrùlé," ni Solongo dá a lóhùn. "Ó ń fò wọlé ni. Ẹ jẹ́ ká fi igi àti wáyà bo orí ẹ̀ lọ́la, èmi àti ẹ̀yin."

"Ìwọ? Pẹ̀lú ọwọ́ aráàlú yẹn?"

"Ọwọ́ aráàlú yìí náà ló rí tàkúté yín."

Ìyá Dulam rẹ́rìn-ín. Ó ní ní tòun, òun ò ní bá àwọn darandaran yòókù ṣí lọ sí ibùdó ìgbà òtútù tó jìnnà síbí lọ́dún yìí. Ìhín lòun máa wà, kí òun lè mọ̀ bóyá àwọn ẹkùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á rí ìrúwé. Gombo ní kò ṣeé ṣe, obìnrin tí kò ríran kò lè dá wà nínú òtútù. Ìyá Dulam kò bá a jiyàn. Ó kàn ń da ìyókù tíì sínú abọ́, ìka rẹ̀ sì wà létí abọ́ náà kí ó lè mọ̀ bó bá kún.

Solongo wo kámẹ́rà tó wà lórí itan rẹ̀. Fọ́tò kan ṣoṣo. Kò sí òkè kankan lẹ́yìn rẹ̀, yìnyín àti ojú ẹranko nìkan.

"Ẹ̀gbọ́n Gombo, tí ẹ bá ń dá tàkúté padà fún àna yín, fóònù máa ń ṣiṣẹ́ ní Ulaan-Uul, àbí?"

"Ó máa ń ṣiṣẹ́."

"Ẹ bá mi pe Tuya, ẹnìkejì mi ní Mörön. Ẹ ní kó lọ ya fọ́tò ìgbéyàwó Sátidé dípò mi. Èyí tó tẹ̀ lé e náà."

"Mo gbọ́. Tó bá bi mí pé títí dìgbà wo ńkọ́?"

Ìyá Dulam ti dáwọ́ tíì dúró, ó ń tẹ́tí.

"Ẹ sọ fún un pé títí yìnyín á fi yọ́," ni Solongo wí.